Ọmọ Oníbodè Kì í Dá Àlejò Padà

Akanran,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àlásárì.

Ràṣídá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àléékúmù. Wá ibi jókòó sí kó o tó ka ìwé yìí. Bí Fáríìdà bá ń sunkún, fún un lọ́mú ná, torí ìwé tí mo mú bíírò kọ yìí kò kúrú, n kò sì rò pé mo tún lè kọ irú rẹ̀ láyé mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ Kàmórù ni yóò ya fọ́tò rẹ̀, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ kà á. Yóò kà á. Kàmórù, bó o bá ti ń kà á, mo kí ọ o.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, tí o ní ọgbà odi tó wà ní ìlú yín lókè òkun níbẹ̀ fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ kó o máa mú àwọn àlejò yíká, mo kígbe "Àlùhámúdù lílááhì!" débi pé adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé sá wọ ilé ìdáná. Ọmọ tèmi! Ọmọ tí mo kọ́ ní a-bí-dí lórí àpótí epo! Kí n tó rẹ́rìn-ín tán lo wá ní o fẹ́ kọ iṣẹ́ náà. O ní, "Màmá, kí ni mo mọ̀? Odi wọn ni, ìtàn wọn ni. Bí ẹnì kan bá bi mí pé níbo lèmi ti wá tí mo ń ròyìn ilé onílé, kí ni mo fẹ́ wí?" O ní wọ́n fún ọ di Ọjọ́rú kó o fún wọn lésì.

Mo ní fóònù mi ti fẹ́ kú. Irọ́ ni, iná kún inú rẹ̀ bámú. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ló pọ̀ ju ohun tí ènìyàn ń sọ lórí fóònù lọ. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti gbé e mì, bàbá rẹ pàápàá jáde láyé láì gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o mú mi lọ síbẹ̀? Fáríìdà pé ogójì ọjọ́ lọ́jọ́ náà, o ní ó tó kí n kúrò nídìí ìwẹ̀ ọmọ kí n lọ gba atẹ́gùn. O wọ súwẹ́tà mẹ́ta fún mi, o fi ìborùn wé mi lórí, o dì mí bí ẹni di ẹ̀kọ. A kọ́kọ́ gun ilé gíga tó wà létí ibẹ̀, a wolẹ̀, mo sì rí odi náà tó tẹ́ sísàlẹ̀ bí ìràwọ̀ onígun márùn-ún, yàrà yí i ká, omi kún inú yàrà, òdòdó igi bo etí omi. Mo ní, "Ṣé ààfin ọba wọn nìyí?" O ní, "Rárá o, Màmá. Ibi ogun ni tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ibi ìgbafẹ́ ni."

Ibi ogun! Mo wo àwọn ọmọdé tó ń wa ọkọ̀ ojú omi nínú yàrà tí wọ́n gbẹ́ kí ọ̀tá lè rì sí. Mo wo àwọn ìyàwó ilé tó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, tí wọ́n ń jẹun nínú abọ́. O ní àwọn tó wà nínú odi náà kò borí nígbà ogun, wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn ni. Síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn kò tìtorí ìyẹn da ibẹ̀ nù. Wọ́n ń gbá a, wọ́n ń gé koríko rẹ̀, wọ́n ń mú ọmọ wá wò ó.

O sì ní ká bọ́ bàtà ká tó wọ ilé onípákó tó wà láàárín odi. Àṣé ìbọ̀sẹ̀ mi ti ya! Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi yọjú síta, o rẹ́rìn-ín títí o fi di ògiri mú. Bàbá arúgbó tó ń mú àwọn ọmọ iléèwé yíká wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n gbójú kúrò kíá, wọ́n tẹríba fún mi bí ẹni pé ìyá ọba ló wọlé. Àwọn ọmọ náà tẹríba. Èmi náà kúnlẹ̀ díẹ̀, orúnkún mi sì han bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Nígbà tí a jáde, a bá bàbá náà níbi ògiri òkúta. Wọ́n gbé ọwọ́ lé òkúta kan, wọ́n ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò sí ọmọ tó mí. Òtútù mú bàbá náà, o lọ síbi ẹ̀rọ tó ń pọ tíì alágolo, o ra tíì gbígbóná mẹ́ta, o fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀kan fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn lo tó béèrè orúkọ wọn. Fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Wọ́n bi ọ́ ní nǹkan, o wá yíjú sí mi: "Màmá, wọ́n ní ṣé irú odi báyìí wà ní ìlú yín?"

Mo ní, "Kò sí."

O sọ ọ́ fún wọn, wọ́n tẹríba, ni omi bá bọ́ lójú mi. O ní, "Màmá, kí ló dé?" Mo ní atẹ́gùn ni. Ràṣídá, kì í ṣe atẹ́gùn.

Ó yá, kí n sọ ọ́ kí n má baà máa lọ́ tìkọ̀.

O mọ̀ pé Ìdí-Yàrà ni wọ́n bí mi. Ohun tí o kò mọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láyé ogun, wọ́n gbẹ́ yàrà jíjìn yí ìlú náà ká, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde ni wọ́n fi mọ odi sétí rẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní apá tirẹ̀ tó mọ. Lẹ́yìn yàrà, wọ́n dá igbó ẹlẹ́gùn-ún sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣán an, kí ọ̀tá má baà rí ọ̀nà gbà. Ìbodè kan ṣoṣo ló wà, bàbá tó bí bàbá mi àgbà ló ń ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ oníbodè kì í ṣe kó máa lé ènìyàn o. Yóò bu omi fún àlejò, yóò bi í pé níbo ló ti ń bọ̀, ilé ta ló ń lọ, yóò sì sìn ín débẹ̀. Òun ló fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń kì wá, wọ́n á ní, "ọmọ oníbodè tí í fún àlejò lómi kó tó béèrè orúkọ."

Nígbà tí mo ṣì kéré, òjò ti wó púpọ̀ nínú odi náà, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì ga ju bàbá mi lọ. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, bàbá mi á ro orí rẹ̀, wọ́n á máa dárúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ: "Ilé Alágbẹ̀dẹ ló mọ ibí. Ilé Ọlọ́nà ló mọ ibí, wọn kò mọ ọ́n dáadáa, ọ̀lẹ ni wọ́n." Mo máa ń tẹ̀lé wọn, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo lọ sí ilé-ìwé Mọ́dàn ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ àdúgbò Ọlọ́runṣògo tí a jọ wà ní kíláàsì ń pè mí ní ará oko, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan gun alùpùpù dé láti yunifásítì. Ó ní òun gbọ́ nípa odi wa, òun fẹ́ wò ó, òun fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, òun fẹ́ yà á ní fọ́tò. Inú bàbá mi dùn! Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ dàńṣíkí òfì tí wọ́n fi ń kírun ọdún, wọ́n bu omi tútù sínú igbá. Wọ́n ní, "Síkírátù, ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Máa mú àlejò bọ̀. Mo ń dúró níbi ìbodè."

A kò ì dé àárín ọ̀nà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Bàtà mi tuntun ni, ìgbẹ́ ewúrẹ́ kún ọ̀nà, ọkùnrin náà sì mọ́ tónítóní. Mo ronú pé bó bá rí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí bàbá mi ń fi yangàn, yóò fi wá rẹ́rìn-ín dé Ìbàdàn. Ni mo bá dúró. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà. Kòtò tí a ń da ìdalẹ̀ sí ni. Àwọn àgbà kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa fọ́nnu."

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú, sà."

Ó ki ìwé rẹ̀ bọ àpò, ó yí alùpùpù rẹ̀ padà. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nìyí o, láti ọjọ́ náà.

Mo bá bàbá mi nínú oòrùn, igbá omi lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Àlejò ńkọ́?" Ràṣídá, ǹ bá sọ òtítọ́, wọn ì bá nà mí, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Mo ní, "Ó ti lọ, Bàbá. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Wọ́n da omi inú igbá sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Àwọn tó mọ̀wé ló mọ̀."

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, wọn kò ro orí odi mọ́. Àwọn tó ń mọ bíríkì láti Akanran ti ń bẹ̀ wọ́n tipẹ́ fún iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, bàbá mi sì máa ń fi àdá lé wọn. Lọ́dún náà, Bàbá ní, "Ẹ máa kó o lọ. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọkọ̀ típà fi ń kó o. Mo wà nílé, mo ń gbọ́ ìró rẹ̀, mo sì ń wa gaàrí mu bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Bàbá mi kò débẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú, èmi náà kò sì jẹ́wọ́ fún wọn. Ó dùn mí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ń dùn mí.

Ìwọ wá ń bi mí pé kí lo mọ̀.

Èkíní tí mo fẹ́ kó o gbọ́: iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ yẹn, iṣẹ́ ìdílé wa ni. Kí ni oníbodè ń ṣe jùyẹn lọ? Kó kí àlejò, kó sìn ín wọlé, kó sọ ibi tó dé fún un. Tíì tó o gbé fún bàbá arúgbó yẹn kó o tó béèrè orúkọ wọn, ta ló kọ́ ọ? N kò kọ́ ọ rí, torí ojú ń tì mí láti sọ̀rọ̀ oníbodè nínú ilé yìí. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ ni. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lọ́jọ́ náà, mo ń wo ẹnu rẹ bí èdè wọn ṣe ń jáde níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, orí mi wú. Gbogbo ẹni tó bá ra epo lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti dé ló ti gbọ́ ọ, àwọn kan ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Èkejì, ohun tí o kò bá mọ̀, má ṣe purọ́ rẹ̀. Sọ pé o kò mọ̀, kó o lọ béèrè. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Sún mọ́ bàbá arúgbó yẹn dáadáa. Máa ru omi lé iná fún wọn, máa bá wọn gbé àpò, kó o máa bi wọ́n ní gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa òkúta kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n ṣì ń mí. Nínú gbogbo ilé tó mọ odi wa, márùn-ún péré ni mo rántí. Ìyókù ti bá bàbá mi lọ.

Bí wọ́n bá fi ohùn rẹ rẹ́rìn-ín ńkọ́? Jẹ́ kí wọ́n rín in. Ìwọ náà bá wọn rín in, kó o tún ọ̀rọ̀ náà pè. Ẹ̀rín àwọn ọmọ Ọlọ́runṣògo kò pa mí lára. Ìbẹ̀rù ẹ̀rín tí ẹnì kankan kò tíì rín ló ba tèmi jẹ́. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ fún ohun tí kò ṣe ọ́ ní ibi kankan.

Ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, mẹ́fà, kó o máa wo ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ láràárọ̀. Jẹun kó o tó jáde. Fún ọmọ lọ́mú, kó o sì jẹ́ kí ọkọ rẹ máa gbé e dáadáa. Mo rí i pé ó mọ ọmọ pọ̀n ju ìwọ fúnra rẹ lọ, má bínú. Má ṣe tìtorí àlejò pa ìrun jẹ. Igi pọ̀ níbẹ̀, wá ìdí ọ̀kan.

Ó tún ku kan. Kò sí ẹni tó lè kó òkìtì tí típà ti kó padà, ṣùgbọ́n o mọ ìyá rẹ, n kì í jókòó ti ọ̀rọ̀ láìṣe nǹkan sí i. Lẹ́yìn tí o pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, n kò rí oorun sùn. Láàárọ̀ àná, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdí-Yàrà. Apá kan odi ṣì kù lẹ́yìn itẹ́ òkú, torí àwọn amọbíríkì kò láyà láti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ sàréè. Mo ka ìṣísẹ̀ rẹ̀: mẹ́rìndínlógójì. Mo lọ síbi sàréè bàbá mi, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ fún wọn. Mo ní, "Bàbá, àlejò kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́." Mo sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá ro orí odi. Áfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ládùúgbò náà rí mi. Ọmọ kékeré ni, kò tó Kàmórù. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń wá?"

Mo ní, "Odi ni mo ń ro."

Ó ní, "Odi wo, Ìyá? Wọ́n ní kòtò ìdalẹ̀ ni ibí yìí láti ayébáyé."

Ràṣídá! Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an! Ẹnu mi ló ti jáde lójú ọ̀nà yẹn, ó ti di ìtàn ìlú, áfáà tí wọn kò tíì bí nígbà náà ló ń kà á fún mi. Àdá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ purọ́. Èmi ni. Odi ni, ọmọ oníbodè rẹ̀ sì ni mí. Kó àwọn ọmọ yẹn wá, kó o sì bu omi dání."

Ó kó wọn wá, wọ́n tó ogún, wàláà wà lọ́wọ́ wọn. Mo bu omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo mú wọn rin ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógójì náà. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri bí bàbá arúgbó yẹn ṣe gbé e lé òkúta, mo ní, "Ilé Alágbẹ̀dẹ ló mọ ibí." Ọmọbìnrin kékeré kan fò sókè, ó ní, "Ilé wa nìyẹn!" Gbogbo wọn wá ń fọwọ́ kan ògiri náà, wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè, n kò mọ ìdáhùn ọ̀pọ̀ rẹ̀, mo sì ní n kò mọ̀. Nígbà tí mo ń lọ, áfáà ní, "Ìyá, ṣé ẹ máa tún wá?" Mo ní Sátidé, Sátidé.

Èmi ti gba iṣẹ́ tèmi nìyẹn, pẹ̀lú orúnkún tó ń han. Tìrẹ ńkọ́?

Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí ojú tì ọ́, kó ṣọ́ Fáríìdà àti bàbá rẹ̀ fún ọ, kó sì jẹ́ kí n tún fojú kàn yín. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé níbo lo ti wá, sọ fún un pé ìbodè ni. Lọ́jọ́rú, bó o bá ti fún wọn lésì tán, wá bàbá arúgbó yẹn lọ, fún wọn ní tíì, kó o bá mi sọ fún wọn pé ìyá rẹ purọ́ lọ́jọ́ náà. Sọ fún wọn pé odi wà ní ìlú wa. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógójì ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Síkírátù, ọmọ oníbodè Ìdí-Yàrà.